Ààwẹ̀ Tí Dókítà Ní Kí Ládàánì Gbà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Lakowe, tí ẹ ń gbé inú ẹsitéètì tó ní géètì gìrìwò, ẹ lè má mọ ọkọ mi. Sànúsí ni wọ́n ń pè é. Káfíńtà òrùlé ni. Ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ ń rí láti Ṣàngótẹ̀dó títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí, òun ló gun orí wọn, tó kan pákó mọ́ pákó kí páànù tó bò ó. Ọmọ onílẹ̀ ni pẹ̀lú, àmọ́ kò sí lára àwọn tí ń jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò wá ra ilẹ̀. Ó ní ìjókòó yẹn máa ń dun òun ní ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà kọ́ ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá lójú wa. Ládàánì ni. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa wà létí ọ̀nà márosẹ̀ gan-an, òun ló sì ń pe ìrun níbẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Kí n má purọ́ fún yín, ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà náà lójú, tí katapílà ń bú ramúramù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ohùn ọkọ mi ń gba àárín ariwo yẹn kọjá lọ sí òdì kejì. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, àwọn tí ń kó yanrìn sọ́kọ̀ ní òdì kejì ọ̀nà á ti mú omi dání, wọ́n á máa dúró dè é. Ẹnìkan ṣoṣo á la ẹnu lókè mọ́ṣáláṣí, ogunlọ́gọ̀ èèyàn á la ẹnu nísàlẹ̀ láti ṣínu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rò ó dáadáa, ara mi bù máṣọ.

Ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà yẹn náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ìrun àsùbáà tán, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A rò pé àṣìṣe ni. Nígbà tó yá, ó ń fo ọ̀rọ̀ kan, ó ń fa òmíràn gùn débi pé àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á máa fi ọwọ́ ra ògiri, òógùn á sì bò ó nínú òtútù àárọ̀. Ẹ kí i, èsì tí ẹ máa gbọ́ kò ní lórí, kò ní nídìí. Nígbà mìíràn á bínú láìnídìí. Èmi Fàrídátù, tí ọkùnrin yìí kò gbé ohùn sókè sí rí, ó pè mí ní olè nínú ilé ara mi nítorí pé mo ní kó wá jẹun.

Tó bá wá mu kókó oníṣúgà tán, ojú rẹ̀ á wálẹ̀. Á wò mí, á ní, "Ìyá Mujeeb, kí ni mo ṣe?" Kò ní rántí nǹkan kan. Mo rò pé àìsùn ni. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn ará àdúgbò ò sọ nǹkan kan lójú wa, àmọ́ mo ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn wa. Wọ́n ní ládàánì ń mutí ní kọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ọkùnrin tí wọ́n ń sọ yìí, ọ̀gá kan tó kan òrùlé fún gbé bíà fún un rí, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi omi rọ́pò rẹ̀.

Oṣù ààwẹ̀ ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Lẹ́yìn sààrì, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ládàánì á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú kí wọ́n túbọ̀ fura. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá rí owó ọtí ni. Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, oòrùn ṣì ń ràn lórí igi àgbọn, ọkọ mi gun òkè lọ, ó sì pe ìrun màgàríbì. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn èèyàn jẹun. Wọn ò wo oòrùn, nítorí ohùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Àwọn oníyanrìn lódì kejì mumi. Ìyá arúgbó kan nínú ilé kejì sí wa ti jẹ dàbínù kó tó gbójú sókè tó rí oòrùn. Ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn bà jẹ́ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe ìpàdé. Bàbá Àdínì wa, Àlàájì Mùnírù, ló jókòó sáàárín. Wọ́n ní kí Sànúsí súnmọ́ àwọn, kí ó la ẹnu, kí ó mí sí àwọn nímú. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gbọ́ òórùn ẹnu ọkọ mi, bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó fẹ́ kan. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wá ní ọtí ayé òde òní kì í rùn. Inú bí mi débi pé mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo bi wọ́n pé tí kò bá rùn, kí ni wọ́n ń wá nínú ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. N kò jókòó.

Sànúsí fúnra rẹ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, n kò mutí rí. Ṣùgbọ́n mo ba ààwẹ̀ àwọn èèyàn jẹ́, n kò sì mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹ gba iṣẹ́ yín." Wọ́n gbà á. Wọ́n gbé e fún Tájù, ọmọkùnrin kan tó mọ ìwà hù, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kò gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà ò wá mọ́, nítorí ta ló fẹ́ kí ọ̀mùtí gun òrùlé òun? Ohun tó dùn mí jù ni pé kò kọrin mọ́, kò ké sí ọmọ láti òkèèrè mọ́. Wọ́ọ́wọ́ọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, bí ẹni tí wọ́n gba ohùn náà gan-an lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí la ṣe wà títí di ọjọ́ tí a lọ sí Ajah lọ ra ìṣó. Ẹnìkan láti ìlú mìíràn tí kò gbọ́ òkìkí wa ló gbé iṣẹ́ kékeré kan fún un, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò dúró jẹun. Létí ọ̀nà níbẹ̀, kó tó di pé a dé ọ̀dọ̀ oníṣó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú, ó ń gbọ̀n. Ọkùnrin kan ní kí n gbé ọ̀mùtí mi kúrò lójú ọ̀nà. N kò ráyè tirẹ̀. Mo pe kẹ̀kẹ́, a gbé Sànúsí lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nínú àdúgbò.

Dókítà tí a bá níbẹ̀, Abímbọ́lá lorúkọ rẹ̀, mo lè bí i lọ́mọ. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ń dúró kí ó gbọ́ òórùn ẹnu ọkọ mi kí n lè sọ tẹnu mi. Kò tilẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ìka rẹ̀ ló gún, ó fi ẹ̀jẹ̀ bíńtín sí ẹ̀rọ kékeré kan irú èyí tí ìyá ọkọ mi fi ń yẹ ìtọ̀ ṣúgà tiwọn wò. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó ní kí nọ́ọ̀sì sáré. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi ṣúgà sí i lára.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ọkùnrin tó ń yí ojú, tó ń da itọ́ bò mí, omi yẹn wọ ara rẹ̀, òógùn gbẹ, ojú là. Ó wo òrùlé ilé ìwòsàn náà fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Mujeeb, ṣé a ti ra ìṣó náà?" Ni mo bá bú sẹ́kún.

Dókítà fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, ebi á máa pa ọpọlọ, ẹni náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa bínú. Ẹni tó bá rí i á ní ọtí ni. Mo ní, "Dókítà, ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ. Mo rántí pé tó bá mu kókó oníṣúgà tán ni ojú rẹ̀ ń wálẹ̀, mo rántí pé lẹ́yìn sààrì ara rẹ̀ máa ń dá, orí mi sì wú. Gbogbo rẹ̀ ti wà níwájú wa látìgbà yìí.

"Ṣùgbọ́n kí ló ń jẹ ṣúgà náà?" Dókítà ní ìyẹn lòun náà ò tíì mọ̀. Ó wá bi mí bóyá ẹnìkan ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà nínú ilé wa. Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ó ní ta ló ń tọ́jú oògùn náà. Mo ní èmi ni. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó bi mí bóyá oògùn náà lè ti ṣèèṣì bọ́ sínú oúnjẹ ọkọ mi. Mo dìde. Mo ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé mò ń fún ọkọ mi ní májèlé jẹ?" Ó ní rárá o, kò sí ẹni tí òun kì í bi, òun ò sì lè fi ojú dá mi láre, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló máa sọ. N kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó ṣe fún mi yẹn dára ju ohun tí Bàbá Àdínì ṣe fún ọkọ mi lọ.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà sọ̀rọ̀ ló wá yà wá lẹ́nu. Dókítà ní Sànúsí máa lọ gba ààwẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí òun náà ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n máa dá a dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní jẹ nǹkan kan, omi lásán ni yóò máa mu, nọ́ọ̀sì á máa ṣọ́ ọ, títí àìsàn náà á fi yọjú níwájú wọn. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ààwẹ̀ ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ mi, òun náà ni wọ́n tún ní kí n lọ gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún mi lọ́gbọ́n. Mo gbọ̀nà ilé Àlàájì Mùnírù lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ tọkàn mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti gbọ́ òórùn ẹnu ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá jókòó tì í. Níbi tó ń lọ yìí, kò sí ọtí, kò sí oúnjẹ, wọn ò ní jẹ́ kó dá lọ tọ̀ pàápàá. Tó bá tún ṣe bí ọ̀mùtí níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi ibi tó ti rí ọtí." Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn mú fìlà àwọn.

Sànúsí jẹun alẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá náà, ó sì dá ẹnu dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ le, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Bàbá Àdínì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń fa tẹ̀súbà, ojú wọn ò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ mi dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀. Lójijì ó dìde jókòó, ó fi ọwọ́ di etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń fo ọ̀rọ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Ó wo Bàbá Àdínì lójú kòrókòró, ó ní, "Ẹ̀yin káfíńtà yìí, ta ló ní kí ẹ gun òrùlé mi?"

Tẹ̀súbà jábọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo ti so kóró ṣúgà mọ́ etí ìró mi láti ilé. Mo tú u, mo sáré lọ sí ẹnu rẹ̀. Dókítà Abímbọ́lá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Mujeeb, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń wá gan-an nìyí. Tí ẹ bá fún un ní ṣúgà kí n tó fà á, a ò ní rí nǹkan kan mọ́." Ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ọkọ mi ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń yí, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa wò ó. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kan, wọ́n tún mú òmíràn. Mo fún kóró ṣúgà yẹn títí ó fi yọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fa èyí tó kẹ́yìn tán, wọ́n ti omi ṣúgà sí i lára, ó sì padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe padà bọ̀ ní Ajah. Ó rí àlejò rẹ̀, ó kí wọn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Bàbá Àdínì ṣí fìlà. N kò rí orí wọn láìsí fìlà rí. Wọ́n ní, "Sànúsí, ojú mi ló ṣe. N kò gbọ́ òórùn kankan lẹ́nu rẹ níjọ́ yẹn, mo sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ̀jẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n wá oògùn ìyá ọkọ mi níbẹ̀, wọn ò rí i. Mo ní kí dókítà tún ìyẹn náà sọ, kó sì gbé ohùn sókè díẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni oje tí ara ẹni fúnra rẹ̀ máa ń ṣe láti fi lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì ni wọ́n ń pè é. Dókítà ní ẹran kan wà tó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ inú ikùn wa, òun ló ń ṣe oje náà. Tí èèyàn ò bá jẹun, ẹran náà á dáwọ́ dúró. Gbogbo ara ló mọ̀ pé ààwẹ̀ la wà. Àmọ́ nǹkan kan ti hù sára ti Sànúsí tí kì í dáwọ́ dúró, ó jẹun ni o, kò jẹun ni o. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ikùn rẹ̀, wọ́n rí i níbẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹbí ta ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. Wọ́n gbé e wá nínú ìgò kékeré. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Mo gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Èyí ló ń ti ọkọ mi ṣubú. Èyí ló mú kó pè mí ní olè, òun ló gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló mú kí odindi àdúgbò ṣínu nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Mo ti kó èébú jọ fún un láti ilé. Ẹnu tí ẹ ń gbọ́ yìí, kò rí ẹyọ kan sọ. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà mí, pé ara tí a ń gbé kiri lójoojúmọ́ lè fi irú nǹkan báyìí pa mọ́, pé ọwọ́ ọmọ Ádámọ̀ sì lè wọlé lọ mú un jáde.

Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ mìíràn kù sí dẹ̀dẹ̀, dókítà ní kò séwu, kí Sànúsí gbààwẹ̀. Bàbá Àdínì dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ro ohun tí ojú wọn rí níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ní ládàánì á padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ààwẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn ni Sànúsí. Ó ní tí òun bá tún ṣì í pè ńkọ́? Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lágara. Èmi náà tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù bà mí ju tirẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ki ìgò mínírà kan sábẹ́ híjáàbù mi, mo sì lọ dúró sídìí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, tó bá ṣubú kí n lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tájù gbé máìkì fún un. Iná lọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe sí wa. Ó gbé máìkì náà sílẹ̀, ó gun òkè. Oòrùn ti wọ̀ lójú mi, ẹnìkan ní, "Ó ti tó." Sànúsí ò tíì pè é. Ó dúró, ó ń wo ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Dàbínù wà lọ́wọ́ Bàbá Àdínì, wọn ò gbé e sẹ́nu. Mo wo òdì kejì ọ̀nà. Àwọn oníyanrìn ti já ọ̀rá omi wọn, wọ́n dì í mú, wọ́n kọjú sí wa, kò sẹ́ni tó mu. Àwọn tí ààwẹ̀ wọn bà jẹ́ lọ́dún tó kọjá ni, wọ́n tún ń dúró dè é.

Ló bá la ẹnu. Ohùn náà jáde gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọge, ó gba orí ọkọ̀ àti ariwo kọjá lọ sí òdì kejì. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Kò padà sẹ́yìn. Mo ń tẹ̀ lé e nínú ọkàn mi láti gbólóhùn dé gbólóhùn, ọwọ́ mi ń dun mí nítorí bí mo ṣe di ìgò yẹn mú. Ó pè é dé òpin.

Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, gbogbo èèyàn ti ń jẹun. Èmi nìkan ni n kò tíì ṣínu. Mo mú mínírà jáde lábẹ́ híjáàbù, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ṣí i, mo sì mu ún.